Kíbọ́ọ̀dù MIDI tí kò dún: ibi tí ohùn ti ń wá gan-an

Ẹ ra kíbọ́ọ̀dù tuntun, ẹ fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, iná ara rẹ̀ tàn, ẹ wá tẹ̀ ẹ́, kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kíbọ́ọ̀dù náà máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní MIDI controller kò ní ohùn nínú. Kò sí dùùrù nínú rẹ̀, kò sí fèrè, kò sí sípíkà. Bíi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ló rí: ẹ lè tẹ rìmóòtù láti àárọ̀ dalẹ́, bí kò bá sí tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá, ẹ kò ní rí nǹkan kan wò.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé ó jọ kíbọ́ọ̀dù tí ọ̀pọ̀ wa ti ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Yamaha PSR tàbí Casio tí wọ́n ń tẹ̀ níwájú ìjọ ní ohùn tirẹ̀ àti sípíkà tirẹ̀. Ẹ tàn án, ó dún. M-Audio Keystation, Novation Launchkey, Arturia MiniLab àti Akai MPK Mini kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyẹn. Ẹ kíyè sí orúkọ dáadáa nígbà tí ẹ bá ń rà á, nítorí Akai tún ń ṣe MPK Mini Play, tó ní sípíkà kékeré àti ohùn tirẹ̀ nínú. Ọ̀rọ̀ kékeré kan tó gbẹ̀yìn orúkọ yẹn ló ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù náà kó tó di pé ẹ ṣe ohunkóhun. Lára ọ̀pọ̀ controller, ihò ńlá kan wà níbẹ̀ tó gba ẹnu wáyà 6.35mm, irú èyí tí headphone ńlá máa ń ní. Àwọn olùbẹ̀rẹ̀ máa ń ki headphone bọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa retí ohùn. Bí wọ́n bá kọ Sustain tàbí Pedal sí i lára, ihò pẹ́dálì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni. Ohùn kankan kò lè gba ibẹ̀ jáde.

Kí wá ni kíbọ́ọ̀dù náà ń ṣe?

Iṣẹ́ ló ń rán. Ní ọdún 1983 ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́ orin fẹnu kò lórí MIDI, kí irinṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan lè máa darí ti òmíràn. Dave Smith ará Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi ará Japan, ẹni tó dá Roland sílẹ̀, ló ṣáájú nínú iṣẹ́ yẹn, àwọn méjèèjì sì gba àmì ẹ̀yẹ Technical Grammy nítorí rẹ̀ ní 2013. Ohun tí wọ́n ṣe kò le rárá. Bí ẹ bá tẹ C àárín, kíbọ́ọ̀dù á rán nọ́ńbà mẹ́ta. Èkíní ń sọ pé a ti tẹ kíì kan, àti ojú ọ̀nà wo, nínú 16 tó wà, ni iṣẹ́ náà gbà. Èkejì ń sọ kíì tí a tẹ̀, 60 sì ni C àárín. Ẹ̀kẹta ń sọ bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ lágbára tó, láti 1 dé 127. Bí ẹ bá gbé ìka kúrò, iṣẹ́ mìíràn á tún lọ pé a ti fi kíì yẹn sílẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Kò sí èyí tó sọ pé kó dún bíi dùùrù tàbí bíi kàkàkí nínú nọ́ńbà mẹ́ta yẹn. Ẹni tó gba iṣẹ́ náà ló ń pinnu ohùn tó máa fi jẹ́ ẹ, ẹni yẹn sì ni ètò kan tó wà lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù yín.

Nítorí náà, ọ̀nà tí ohùn ń gbà pín sí abala mẹ́ta. Abala kìíní ni láti kíbọ́ọ̀dù dé inú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà nìkan ló ń gba ibẹ̀. Abala kejì ni ètò tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn. Abala kẹta ni láti inú ètò náà dé sípíkà tàbí íàpíìsì. Kíbọ́ọ̀dù tí kò dún, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló já. Ẹni tó bá ń yọ wáyà tó tún ń ki wáyà láì mọ abala tó já yóò kàn máa dààmú ara rẹ̀ ni. Ẹ yẹ abala kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ ṣí orin kan lórí kọ̀ǹpútà náà, yálà láti YouTube tàbí láti inú fáìlì yín. Bí orin yẹn kò bá jáde, ọ̀rọ̀ náà kò kan kíbọ́ọ̀dù rárá. Ẹ wá ibi tí Windows ń darí ohùn sí. Ẹ tẹ àwòrán sípíkà tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ ó rí orúkọ ohun tó ń gba ohùn. Ó lè jẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ẹ fi HDMI so mọ́ ọn, tàbí íàpíìsì Bluetooth tó wà nínú báàgì.

Lẹ́yìn náà, ẹ lo ètò kan ṣoṣo tó lè dá ṣiṣẹ́. Èmi kì í gba olùbẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó fi ètò ńlá tí wọ́n fi ń gbohùn orin sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibi tí nǹkan lè já nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Surge XT dára fún ìdánwò yìí. Ọ̀fẹ́ ni, ó wà fún Windows, Mac àti Linux, ó sì ní ẹ̀dà tó ń dá ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ so kíbọ́ọ̀dù mọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ tó ṣí i. Nígbà tó bá ṣí, ẹ tẹ Options tó wà lókè, kí ẹ sì yan Audio/MIDI Settings. Níbẹ̀, ẹ ó rí àyè Output. Ẹ yan sípíkà tí orin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba jáde, kí ẹ wá tẹ Test tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn kúkúrú kan, abala kẹta ti dára. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni Active MIDI inputs wà. Orúkọ kíbọ́ọ̀dù yín gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi àmì sí àpótí kékeré iwájú rẹ̀. Àmì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi sí i. Ẹ pa fèrèsé yẹn dé, ẹ tẹ kíì kan.

Ohùn tó máa kọ́kọ́ jáde lè máa ta etí gan-an, kò sì ní jọ dùùrù, torí ohùn lásán tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́, ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ dùùrù ni ẹ fẹ́, Decent Sampler náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì lè dá ṣí. Òfìfo ló máa ń wà títí ẹ ó fi gba ohùn sínú rẹ̀. Lórí Pianobook, ojú òpó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn ti gbé oríṣiríṣi dùùrù tí wọ́n gbà sílẹ̀ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí orúkọ kíbọ́ọ̀dù kò bá hàn rárá

Abala kìíní ló já nìyẹn, wáyà sì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Wáyà USB kan wà tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń gbé, kò ní okùn tí ọ̀rọ̀ ń gbà nínú. Èyí tó bá ṣájà olówó pọ́ọ́kú wá sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù á tàn, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé ó wà. Ẹ lo wáyà tó bá kíbọ́ọ̀dù wá, tàbí èyí tí ẹ ti fi gbé fọ́tò láti orí fóònù sórí kọ̀ǹpútà rí. Ara kọ̀ǹpútà tààrà ni kí ẹ ti ki wáyà náà bọ ihò, ẹ má ṣe gba inú hub (àpótí tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) tí kò ní iná tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ controller òde òní kò nílò driver, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá irinṣẹ́ kan ṣiṣẹ́, Windows àti Mac á dá wọn mọ̀ fúnra wọn. Bí ìwé tó bá a wá bá sọ pé ó nílò rẹ̀, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an ni kí ẹ ti gbà á.

Bí orúkọ bá hàn, ṣùgbọ́n tí ètò náà sọ pé òun kò lè ṣí i, ẹ wò ó bóyá ètò mìíràn ti gbá a mú. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows, ètò kan ṣoṣo ló lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kíbọ́ọ̀dù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Chrome náà mọ MIDI, nítorí náà ojú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ dùùrù tí ẹ ṣí sílẹ̀ lè jẹ́ ohun tó dì í mú. Ẹ pa gbogbo wọn dé, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ó ń rán iṣẹ́, ó sì tún dákẹ́ síbẹ̀

Ẹ wo bọ́tìnnì Octave lára kíbọ́ọ̀dù. Kíbọ́ọ̀dù oníkíì 25 kò gbà ju octave méjì lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe bọ́tìnnì tó ń gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìmọ̀, ẹ ti bọ́ sí ibi tí dùùrù kò dé. Dùùrù ńlá oníkíì 88 bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 21, ó parí sí 108. Nọ́ńbà 12 kò ní ohùn kankan nínú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù, ẹ tẹ bọ́tìnnì Octave méjèèjì pa pọ̀, ó á padà sí àárín.

Ẹ tún wo ọ̀pá tí wọ́n ń fà sókè sódò. Lára ọ̀pọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Control Change 7 ni ọ̀pá yìí ń rán, èyí tí í ṣe ti bí ohùn ṣe máa ròkè tó, kì í ṣe ti kíì. Bí ọwọ́ bá kàn án tó sì sọ̀ kalẹ̀ pátápátá, ètò á gbọ́ pé kí ohùn di òdo. Ẹ fà á sókè pátápátá.

Ìṣòro tó yàtọ̀ sí èyí ni pé kó dún, kó sì kọ̀ láti dákẹ́. Pẹ́dálì ló sábà ń fa ìyẹn. Oríṣi pẹ́dálì méjì ló wà: ọ̀kan ń so iná pọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, èkejì ń já a. Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù bá ń tàn ló máa ń wo irú èyí tó wà lára rẹ̀, nítorí náà ẹ ki pẹ́dálì bọ̀ ọ́ kí ẹ tó tàn án, kí ẹ má sì fi ẹsẹ̀ lé e lákòókò yẹn. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ á yí padà: ohùn á máa fà nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á sì máa já nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn.

Nínú ètò ńlá

Bí Surge bá ti dún, tí FL Studio tàbí Reaper kò sì dún, kíbọ́ọ̀dù àti sípíkà kò jẹ̀bi mọ́. Inú ètò ló kù.

Ní FL Studio, ẹ tẹ F10, ẹ lọ sí MIDI, ẹ fọwọ́ kan orúkọ kíbọ́ọ̀dù lábẹ́ Input, kí ẹ tẹ Enable. Iná kékeré kan wà lápá òsì lókè tó máa ń ṣẹ́jú nígbà tí iṣẹ́ bá dé. Bó bá ń ṣẹ́jú, abala kìíní dára. Lẹ́yìn náà, ẹ fi FL Keys sínú Channel rack, kí ẹ sì yàn án. Irinṣẹ́ tí ẹ bá yàn ni iṣẹ́ ń lọ bá, nítorí náà bó bá jẹ́ pé ìlù ni ẹ yàn, ìlù náà ni ẹ máa gbọ́. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ FL Studio gba nǹkan púpọ̀ láàyè, ṣùgbọ́n kì í ṣí iṣẹ́ tí ẹ ti fi pamọ́ padà, kí ẹ má lọ fi orin gidi sínú rẹ̀.

Ní Reaper, ọ̀nà àbùjá kan wà tó gba olùbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ wàhálà. Nínú Track, ẹ yan Insert virtual instrument on new track, ẹ mú ReaSynth tàbí Decent Sampler, Reaper á sì tò gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó ní láti rántí ohun mẹ́rin: kí kíbọ́ọ̀dù wà ní Enabled nínú Preferences, kí bọ́tìnnì pupa track náà tàn, kí Input rẹ̀ jẹ́ All MIDI Inputs, kí irinṣẹ́ sì wà nínú FX. Bí bọ́tìnnì pupa kò bá tàn, ohunkóhun kò ní wọlé. Bó bá tàn tí irinṣẹ́ kò sì sí nínú FX, ẹ lè gba odidi orin sílẹ̀ tí ẹ kò ní gbọ́ ohun kan, torí nọ́ńbà lásán ló wọlé.

Ẹ wo inú páálí kíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó ra ètò kankan. Ọ̀pọ̀ controller ló ń bá kóòdù Ableton Live Lite wá, ẹ̀dà kékeré tí kò ní gba owó mìíràn lọ́wọ́ yín. Nínú tirẹ̀, apá MIDI inú Settings ni kí ẹ lọ, kí ẹ tan Track sí iwájú orúkọ kíbọ́ọ̀dù.

Ó dún, ṣùgbọ́n ó pẹ́

Ẹ tẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí, ohùn dé lẹ́yìn rẹ̀. Èyí máa ń dá ọwọ́ ẹni tó ń tẹ dùùrù dúró, kò sì sí ọgbọ́n ìka tó lè borí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í rán ohùn jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń kó o jọ kó tó dà á sílẹ̀. Iye tó ń kó jọ yẹn ni wọ́n ń pè ní buffer. Bó bá jẹ́ pé 44,100 ni ẹyọ tó ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, buffer 1024 ń dá ohùn dúró fún nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdù 23, 256 ń dá a dúró fún bíi 6, 128 fún bíi 3. Ìdádúró mìíràn tún wà lórí èyí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 256.

Lórí Windows, irú driver ohùn tí ètò ń lò ṣe pàtàkì ju buffer lọ. MME àti DirectSound lọ́ra. Ẹ wá ASIO, irú driver tó yá jù wọ́n lọ: FL Studio ní tirẹ̀ tó bá a wá, àwọn tó kù lè lo ASIO4ALL, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá ní audio interface, àpótí tí ohùn ń gbà wọ kọ̀ǹpútà tó sì ń gbà jáde, irú bíi Focusrite Scarlett, ẹ lo ASIO tirẹ̀ gan-an, kí ẹ sì rántí pé ara interface yẹn ni ohùn máa gbà jáde láti ìgbà náà lọ, kì í ṣe sípíkà laptop mọ́. ASIO4ALL tún lè gba sípíkà fún ara rẹ̀ nìkan, kí YouTube dákẹ́. Bí YouTube bá sì ti kọ́kọ́ dì í mú, ètò orin ni yóò dákẹ́. Mac kò nílò ASIO.

Íàpíìsì Bluetooth kò ṣeé fi tẹ dùùrù. Ìdádúró rẹ̀ sábà máa ń ju mílísẹ́kọ́ńdù 100 lọ, kò sì sí ibi tí ẹ lè ti dín in kù nínú ètò. Ẹ lo oníwáyà, kódà èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ní ọjà sàn jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí.

Bí ẹ bá dín buffer kù jù, ohùn á máa ta bí àgbàdo tó ń yan. Kọ̀ǹpútà kò lè kó o jọ kó yá tó. Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta, laptop ló dín agbára ara rẹ̀ kù kí bátìrì má tètè tán. Ẹ pa Battery saver, kí ẹ sì yan Best performance.

Lórí fóònù

Ó ṣeé ṣe láìsí kọ̀ǹpútà. Android nílò ohun kékeré tí wọ́n ń pè ní OTG, èyí tí wáyà USB kíbọ́ọ̀dù ń gbà wọ fóònù, kí fóònù náà sì jẹ́ èyí tó gbà á. iPhone tó ń lo USB-C, láti iPhone 15, ń lo wáyà USB-C lásán. Ti Lightning nílò camera adapter ti Apple. GarageBand jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí iPhone, dùùrù tó dára sì wà nínú rẹ̀. Bí iPhone bá sọ pé kíbọ́ọ̀dù ń gba iná jù, ẹ lo adapter tó ní ihò ṣájà, kí ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́. Lórí Android olówó pọ́ọ́kú, ìdádúró lè pọ̀ débi tí kò ní ṣeé fi tẹ orin, ẹ má dá ara yín lẹ́bi.

Kíbọ́ọ̀dù USB kò lè bá kíbọ́ọ̀dù USB mìíràn sọ̀rọ̀ tààrà, àyàfi bí ọ̀kan nínú wọn bá ní ihò tí wọ́n kọ Host sí. Kọ̀ǹpútà tàbí fóònù gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn.

Láti laptop sínú míksà

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dún nílé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí òde àríyá ló kàn, wáyà kan ṣoṣo sì ti ba ọ̀pọ̀ ìsìn jẹ́. Ẹ fẹ́ wáyà tí ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ 3.5mm sítẹ́ríò, tí apá kejì sì pín sí ẹnu 6.35mm méjì, òsì àti ọ̀tún. Ẹ ki ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú tirẹ̀ lórí míksà, ẹ yí Pan ọ̀kan sí òsì, ti èkejì sí ọ̀tún.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ń rà ni 3.5mm sítẹ́ríò sí 6.35mm sítẹ́ríò kan ṣoṣo, tí wọ́n á kì bọ ojú kan. Ihò míksà yẹn máa ń yọ ohun tó wà ní apá ọ̀tún kúrò nínú ti òsì, tó fi jẹ́ pé ohunkóhun tó bá dọ́gba ní apá méjèèjì á pa ara rẹ̀ rẹ́. Dùùrù á wá dún bíi pé inú agolo ló wà, bass á lọ, olùdarí ohùn á sì máa yí gbogbo bọ́tìnnì míksà láìrí ojútùú, nígbà tó jẹ́ pé nínú íàpíìsì, ohùn náà dùn. Bó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lórí míksà, ẹ ki ẹnu ti òsì nìkan bọ̀ ọ́ láti ara wáyà tó pín, kí ẹ sì yí ohùn inú ètò sí mono.

Bí ariwo bá ń kùn nígbà tí ṣájà laptop wà lára iná, tó sì ń lọ nígbà tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ lo DI box, àpótí kékeré tó máa ń wà láàárín laptop àti míksà, èyí tó ní bọ́tìnnì Ground lift, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì náà. Ẹ gbé ohùn laptop sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí olùdarí ohùn ṣe ìyókù lórí míksà. Kó pa ojú yẹn mọ́ ṣáájú kí ẹ tó ki wáyà tàbí kí ẹ tó yọ ọ́, nítorí ìró tó máa ń bú jáde lè ba sípíkà jẹ́. Kí ẹ sì pa ìkìlọ̀ WhatsApp àti ti gbogbo ètò mìíràn lórí laptop náà, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa gbà jáde sí ìjọ.